Ìwé Oníṣègùn Ẹṣin

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé òkú kò lẹ́nu. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ nílé àkójọ ìwé àtijọ́ rí, níbi tí àwọn òkú ti ń rojọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó jẹ́ pé alààyè tó máa jókòó gbọ́ wọn ni kò sí. Obìnrin tí à ń wí yìí ti jókòó gbọ́ wọn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Onígíláàsì ni àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí gíláàsì tí ń sọ ohun kékeré di ńlá tó máa ń fi okùn kọ́ sọ́rùn láti ìgbà tó bá ti dé ibi iṣẹ́ títí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Bí ẹnì kan bá rí àmì ẹ̀yẹ ogun nínú àpótí bàbá bàbá rẹ̀, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ti bàbá náà ni lóòótọ́, Onígíláàsì ni yóò gbé e wá bá. Òun ni yóò ka orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n fín sí etí fàdákà náà, tí yóò sì wá a lọ nínú àwọn ìwé orúkọ tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ìwé ẹ̀rí olójú-ewé kan. Ọ̀pọ̀ ilé nílùú náà ló fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ sára ògiri.

Nínú gbogbo àwọn tó gba irú àmì ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ̀ nípa wọn jù ni àwọn ẹlẹ́ṣin àgbàjà. Àwọn yìí kì í ṣe sójà gidi. Wọn kò ní aṣọ kan náà, wọn kò gbé ní bárékè. Ẹṣin tara wọn ni wọ́n gùn wá bá ìjọba òyìnbó, tí wọ́n ní kí wọ́n gba àwọn sógun. Wọ́n bá ìjọba jó abúlé, wọ́n bá wọn lé màlúù, nígbà tí ogun sì parí, ìjọba fún ẹni kọ̀ọ̀kan wọn ní fàdákà tó so mọ́ rìbọ́nnì. Àkọsílẹ̀ wọn rí wúruwùru, nítorí ìjọba náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ jù nípa ohun tí wọ́n rán wọn. Àfi ẹni tó ní sùúrù ló lè rí orí àti ìdí rẹ̀, Onígíláàsì sì ní sùúrù. Àwọn kan níbi iṣẹ́ a máa sọ pé ìyẹn nìkan ló ní.

Àṣà kan wà tí kì í yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ gbogbo ìwé ẹ̀rí tó bá kọ, a máa to orúkọ gbogbo ìwé tó ṣí, pẹ̀lú pẹpẹ àti nọ́ńbà wọn, ì báà jẹ́ èyí tó rí nǹkan nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó ṣí lásán. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló gbìn ín sí i lágbárí pé ẹni tó bá fi ọ̀nà tó gbà pamọ́, olè ni. Ó ti ṣe é pẹ́ débi pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é, kì í ṣe òun mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin sì ni. Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà: ìyá nísàlẹ̀, ọmọ lókè, ní yàrá tí wọ́n ti ń tún ìwé tó ya ṣe. Ọmọ náà mọ lẹ́ẹ̀ í sè, ó mọ okùn í rán sẹ́yìn ìwé, bébà tó bá fọwọ́ kàn, ẹ kò ní mọ ibi tó ti ya mọ́. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà náà, yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù alátùn-ún-ṣe bàtà ni ìyá àti ọmọ ń gbé, agbòòrùn kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láìsí ẹni tó kan ilẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúrà tí kò ṣeé gbà sókè. Kò pẹ́ ni ọmọkùnrin Adájọ́ dé.

Gbogbo ìlú ló mọ Adájọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ bó bá ń kọjá, àwọn ọkùnrin a máa tún kọ́là ẹ̀wù wọn ṣe. Ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, òun fúnra rẹ̀ wọlé sí yàrá ìsàlẹ̀, ó gbé àpótí dúdú kékeré kan kalẹ̀ lórí tábìlì Onígíláàsì. Àmì ẹ̀yẹ bàbá bàbá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ kí ìyàwó tó wọlé, kí ọmọ náà lè mọ irú ilé tó ń bọ̀ wá sí, pé ó sì dùn mọ́ òun pé ọwọ́ àna òun ló máa kọ ọ́. Inú obìnrin náà dùn. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an ni, nítorí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn ńlá wọ̀nyí yóò fojú tín-ín-rín òun.

Iṣẹ́ náà kò gba wákàtí kan. Ó wọn fàdákà náà, ó wọn etí rẹ̀ bóyá ẹnì kan ti fá orúkọ mìíràn kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tó fá nǹkan kan. Nọ́ńbà mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà lára rẹ̀, orúkọ náà sì pé. Ó ṣí ìwé orúkọ, ó rí mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó rí i pé ó jà dópin, pé wọ́n sì fún un ní tirẹ̀ bí wọ́n ṣe fún àwọn yòókù. Ká ní ó dìde lọ sílé nígbà náà ni, ìbá sàn.

Òjò ni kò jẹ́ kó lọ. Ọmọ rẹ̀ ti mú agbòòrùn jáde, òjò sì ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Ó wá ní kí òun wá ohun kékeré kan tó máa dùn mọ́ Adájọ́ nínú, bí irú àwọ̀ ẹṣin tí bàbá náà gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí pẹpẹ ìsàlẹ̀, ó fa ìwé kan tó nípọn yọ, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ọ́ pé ìwé oníṣègùn ẹṣin ni. Ta ló fẹ́ mọ inú tó run ẹṣin ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn?

Ọkùnrin tó kọ ìwé náà ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú àwọn ẹṣin. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀: àwọ̀ rẹ̀, àmì iná tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ẹni tó ń gùn ún, ọgbẹ́ tó gbé bọ̀ láti ojú ogun, àti ẹni tó mú un wálé bí ẹni tó gùn ún bá kú. Ní ojú-ewé àkọ́kọ́, wọ́n kọ òfin ẹgbẹ́ náà síbẹ̀. Ẹlẹ́ṣin tí ẹṣin rẹ̀ bá kú, tí kò rí òmíràn láàárín ọjọ́ méje, yóò sọ gàárì rẹ̀ kalẹ̀, yóò lọ máa fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú àwọn aláàárù, orúkọ rẹ̀ kò sì ní sí nínú ìwé àmì ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá mú ẹṣin òkú wálé, òun ló ni ín.

Ó wá mẹ́tàlélọ́gọ́ta lọ. Ẹṣin àkọ́kọ́ tí bàbá náà gùn jẹ́ eléérú, inú rírun ló pa á. Ní ọjọ́ kẹfà, bàbá náà mú ẹṣin pupa kan wálé. Ẹni tó ni ín ti kú sí ojú ogun, wọ́n ní àwọn ọ̀tá ló pa á. Ní ìlà ẹṣin náà, oníṣègùn ẹṣin kọ ọ́ pé: "Irun ìbàdí jó lọ́wọ́ ọ̀tún. Ètù ìbọn lára gàárì lẹ́yìn." Onígíláàsì kà á, ó tún un kà. Ó ti ka gbogbo ìròyìn ogun náà tán láti ọdún pípẹ́. Àwọn tí wọ́n lọ bá jà nínú ogun yẹn, ọfà àti ọ̀kọ̀ ni wọ́n ní. Ẹnì kan kò ní ìbọn lọ́dọ̀ wọn.

Ẹṣin pupa náà ṣẹ́sẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì. Ní ọjọ́ kẹfà, bàbá náà tún mú òmíràn wálé, dúdú ni èyí. "Bákan náà. Ètù lára gàárì lẹ́yìn." Ẹṣin dúdú náà tún kú. Lọ́tẹ̀ yìí kò tilẹ̀ dúró di ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ karùn-ún ló mú ẹ̀kẹta wálé, oníṣègùn náà sì kọ̀wé gùn ju bó ṣe máa ń kọ lọ: "Bákan náà. Inú àgọ́ kan ni ẹni tó kú àti ẹni tó mú ẹṣin wálé jọ ń sùn. Mo ti kọ irú èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹṣin ni wọ́n ní kí n máa kọ nípa rẹ̀, nípa ẹṣin náà ni mò ń kọ."

Yàrá náà kò yí padà, àwọn fáìlì wà níbi tí wọ́n wà, òjò ń lu fèrèsé, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn mọ́. Ó fa fọ́ọ̀mù ìsinmi kan tí wọn kò lò jáde, ó da ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ sẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà gan-an, ó ká a, ó fi í sínú àpò ìfàlọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ìdí tó fi ṣe é. Àwọn oníṣẹ́ yìí kì í rí òtítọ́ kí wọ́n má dà á kọ.

Jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Àwọn ará ìṣáájú sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ọ̀rọ̀ yìí kò sì jẹ́ kó sùn. Ṣùgbọ́n ta ni a lè fi ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ńlá rẹ̀ dè lókùn? Bí wọ́n bá tú àpótí gbogbo ilé wò, ilé wo ni wọn kò ní rí òkú níbẹ̀? Ọmọkùnrin Adájọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe òun ní Màámi. Ó pinnu níkẹyìn pé òun kò ní sọ nǹkan kan. Ó kọ ìwé ẹ̀rí náà mọ́ kedere: orúkọ, nọ́ńbà, ogun tó jà, pé ti bàbá náà ni àmì ẹ̀yẹ náà láìsí iyèméjì. Ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé e lọ sílé Adájọ́ lọ́sàn-án Àbámẹ́ta.

Pálọ̀ náà tutù. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé ènìyàn ń rí ìsàlẹ̀ bàtà ara rẹ̀, àwọn kọ́tìnì rẹ̀ nípọn, aago mẹ́ta ló ń dún níbẹ̀ tí wọn kò dún pa pọ̀. Ibi tí wọ́n máa kọ́ ìwé náà sí ti wà nílẹ̀, wọ́n ti kan ìṣó mọ́ ọn. Adájọ́ jókòó sórí àga aláwọ kan tí apá rẹ̀ ti bó, ó fi gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì ka ìwé ẹ̀rí náà. Kò dúró níbi ìbuwọ́lùwé bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń dúró. Ogójì ọdún ló fi ń ka ohun tí àwọn ènìyàn kò fẹ́ kí òun kà. Ó kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ìka rẹ̀ sì dúró lórí ìlà kẹrin.

"Ìwé oníṣègùn ẹṣin," ni ó wí. "Pẹpẹ ìsàlẹ̀, nọ́ńbà mọ́kàndínlógún. Kí ni ẹ rí níbẹ̀, àna mi?"

Ìgbà náà ni obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí ọwọ́ òun ṣe. Ó ti fi òtítọ́ pamọ́ sókè, ó sì ti júwe ojú ọ̀nà rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ní àwọ̀ ẹṣin lásán ni òun lọ wò, pé eléérú ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ènìyàn fi ń kọ òtítọ́ kì í jẹ́ kó mọ irọ́ í pa. Adájọ́ bi í bóyá àwọ̀ nìkan ni, ó sì ní àwọ̀ nìkan ni, sà.

Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó sọ pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, bàbá àgbà a máa kó àwọn jọ, a máa sọ pé òun kò fẹsẹ̀ rìn fún odindi ọjọ́ méje rí nínú ogun yẹn. "Ó ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹlẹ́ṣin àti aláàárù, ọjọ́ méje péré ni. Ó ní ká má gbàgbé." Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ pa apá àga tó jókòó lé. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ni àga yìí. Òun ló yẹ kó jẹ́ adájọ́ nílé wa, èmi kò tíì ríbi dúró sí nígbà yẹn. Àwa méjèèjì la jọ wa ọkọ̀ ojú omi lọ sáàárín odò. Èmi ni mo wa ọkọ̀ náà padà."

Ọkọ ìyàwó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi lórí tíréè. Kò ya ọmọkùnrin náà lẹ́nu. Bí bàbá rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, ètè tirẹ̀ náà rọra ń mì, ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ ọn lórí. Ó ní, "Ẹ mu omi, Màámi," obìnrin náà sì gba omi náà, ó gbé e kalẹ̀ láìfẹnu kàn án. Nígbà tó dìde, wọ́n ní kí awakọ̀ gbé e délé, ó ní rárá, pé òun máa rìn. Adájọ́ ní kò burú.

Ọjọ́ Àìkú, ọmọ rẹ̀ ò gbélé. Àwọn ará ilé Adájọ́ ti wá mú un jáde láàárọ̀, kò sì wọlé títí ìyá rẹ̀ fi sùn. Ìyá náà kò fi bẹ́ẹ̀ bínú, ó ti mọ ohun tí òun máa ṣe. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹni tí kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: bí nǹkan kò bá sí nínú ìwé, kò ṣẹlẹ̀. Bí òun bá gbé fọ́ọ̀mù ìsinmi tí òun fọwọ́ ara òun kọ wá, yóò ní ìyá àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀ ló jókòó hun ìtàn. Ìwé náà gan-an ló yẹ kó rí, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé oníṣègùn ẹṣin. Wọn yóò jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí pẹpẹ, wọn yóò jọ kà á, ọ̀rọ̀ yóò sì tán.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọmọ náà ti jáde kí ìyá rẹ̀ tó jí. Ó fi ìwé pélébé kan sílẹ̀ pé òun fẹ́ tètè lọ se lẹ́ẹ̀. Onígíláàsì dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ, kò tíì gbé àpò sílẹ̀ tó fi lọ sídìí pẹpẹ ìsàlẹ̀. Àyè nọ́ńbà mọ́kàndínlógún ṣófo. Eruku tó yí ibẹ̀ ká ṣì fi bí ìwé náà ṣe tóbi tó hàn.

Ó ṣí rẹ́gísítà tí wọ́n fi ń mú ìwé jáde. Ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ti kọ ọ́ síbẹ̀ ní aago méje ààbọ̀: nọ́ńbà mọ́kàndínlógún, fún àtúnṣe. Kò nílò gíláàsì láti mọ ẹni tó kọ ọ́. Òun ló di ọwọ́ náà mú nígbà tó ń kọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Ọmọ rẹ̀ kò sí nídìí tábìlì, akẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì ní ó sọ pé orí ń fọ́ òun, pé ó ti lọ sílé. Èèpo ìwé náà wà lórí tábìlì níbẹ̀, awọ òde àti páálí rẹ̀, wọ́n ti nù ún mọ́. Inú rẹ̀ kò ní ewé kan. Wọ́n ti fi abẹ gé okùn ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò fa ohunkóhun ya, iṣẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ni. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Obìnrin náà fọwọ́ kan páálí náà, ó sì sọkún díẹ̀ níbẹ̀, níṣojú akẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀, kò bìkítà.

Oòrùn ti mú nígbà tó délé. Alátùn-ún-ṣe bàtà kí i, kò gbọ́. Ọmọ rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti máa ń jẹun, ó ti wọ aṣọ ìjáde, báàgì aṣọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Ìyá náà jókòó ní ìkọjú sí i pẹ̀lú àpò rẹ̀ lórí itan, ó sì bi í pé ìwé náà dà.

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín," ni ọmọ náà wí.

"Ìjọba ló ni ín."

"Bàbá ńlá wọn ló wà nínú rẹ̀, Màámi."

"Ṣé o kà á?"

"Mo kà á kí n tó gé e. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ìyá rẹ̀ bi í bóyá ó wá yé e, pé ẹni mẹ́ta ni ọkùnrin yẹn yìnbọn fún láti ẹ̀yìn, àwọn tí wọ́n jọ ń sùn nínú àgọ́ kan. Ọmọ náà ní ó yé òun dáadáa, pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, pé gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti di eruku. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń rí i bí ìyá òun ṣe ń fún àwọn ènìyàn ní bàbá ńlá, tí wọ́n ń yọ̀, tí wọ́n ń gbé e kọ́ sára ògiri. "Nígbà tó wá kan èmi, ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n máa bá yín gbé yàrá méjì yìí títí n ó fi kú ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá, nítorí òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lóòótọ́ ló ń bẹ̀rù kó máa dá gbé. Ó gbà fún ọmọ náà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sọ pé ẹ̀rù tó ń ba òun báyìí kì í ṣe ti ìyẹn. Ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Adájọ́ fún un, àti odò, àti ọkọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo wà padà. Ó rò pé ojú ọmọ náà yóò yí.

"Wọ́n ti sọ fún mi," ni ọmọ náà wí. "Ọjọ́ kìíní tí mo débẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní ọkọ̀ tó padà sàn ju ọkọ̀ tó rì lọ." Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní mo ti di ọmọ ilé náà."

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò dọṣẹ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ péré ni ewé yìí débẹ̀. Ìyá náà wo ojú ọmọ náà bó ṣe máa ń wo etí fàdákà, bóyá wọ́n ti fá nǹkan kan kúrò, bóyá wọ́n ti fín òmíràn sí i. Ojú ọmọ rẹ̀ náà ni. Wọn kò fá nǹkan kan.

"Màámi," ni ọmọ náà tún pè, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ báyìí, ó ń sọ̀rọ̀ ketekete. "Ṣé ẹ da nǹkan tó wà nínú ìwé náà kọ síbì kan?"

Nísàlẹ̀, òòlù alátùn-ún-ṣe bàtà náà dákẹ́. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà rí ìmọ́lẹ̀ tó yọ díẹ̀ lábẹ́ fóònù tó dojú bolẹ̀, lára igi tábìlì. Fóònù náà wà ní títàn. Ó ti wà ní títàn láti ìgbà tó ti wọlé. Gbogbo ohun tó sọ, ẹ̀rù rẹ̀, odò, ọkọ̀, ẹnì kan ti jókòó síbì kan tó ń gbọ́ ọ.

Ó rántí pé òun kò purọ́ fún ọmọ yìí rí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí ní kí wọ́n sọ fún un pé ó rìnrìn àjò, òun ló kọ̀, òun ló gbé e lé itan tó sọ òtítọ́ fún un.

"Rárá," ni ó wí. "N kò kọ nǹkan kan."

Kò sí ẹni láyé yìí tó mọ obìnrin yìí tó ọmọ náà. Ó mọ bó ṣe ń mí nígbà tí nǹkan kò bá tọ́, ó sì mọ̀ pé ìyá òun kò rí òtítọ́ rí kó má dà á kọ. Bó bá fẹ́ gbà á là, kò ní ohun kan í ṣe ju kó dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, ó ń retí ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ọmọ náà yí fóònù náà padà, ó gbé e sétí. "Wọ́n ní àwọn ò kọ nǹkan kan, sà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n àpò wọn wà lórí itan wọn. Wọn ò gbé e kalẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé."

Ohùn Adájọ́ wá láti inú fóònù náà, jẹ́jẹ́, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ẹnì kan ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ níta, ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn, kò yára rárá. Ìyá náà wo ọmọ tó bí, ẹ̀rù ọmọ náà sì bà á.